Ohun Tí Bàbá Rélùwéè Fẹ́ Mọ̀ ní Ìdí-Apá

Nígbà tí wọ́n ń pín iṣẹ́ ìsìnkú Bàbá, èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó jẹnẹrétọ̀ àti àga. Dàmọ́lá àbúrò mi, tó ń kàwé ní Adó, òun ni wọ́n ní kó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì kó sọ irú èèyàn tí Bàbá jẹ́. Mo ní kí ló dé tí kì í ṣe èmi, ṣé kì í ṣe èmi ni mo gbé lọ́dọ̀ Bàbá jù ni? Dádì Ìkẹ́rẹ́ wò mí. Òun ni àkọ́bí Bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tíṣà ni ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ní, "Dàpọ̀, tí o bá fi máìkì kan ẹnu, Bàbá á ti di ẹni tó fi ọwọ́ lásán dá ọkọ̀ ojú irin dúró." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun.

Òótọ́ ni pé mo máa ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀. Ọ̀kadà ni mò ń gùn láàárín Èmùré, Ìsẹ̀ àti Ìkẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ ojú ọ̀nà yẹn jù mí lọ, ẹ lọ béèrè. Ẹ̀sẹ́ẹ̀sì tú ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ìjókòó ibẹ̀ ló sú mi. Ẹni tó bá ń gun ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ ló máa fi ń dá èrò lára yá kí wọ́n má baà rántí kòtò. Ṣùgbọ́n ti Bàbá yìí, mi ò ní bu nǹkan kan sí i. Ohun tí mo rí, àti ohun tó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi, ìyẹn nìkan ni mo máa kọ.

Bàbá Rélùwéè ni gbogbo Èmùré ń pè é. Bẹ́ẹ̀, kò sí rélùwéè ní Èkìtì. Kò sí ní Èmùré, kò sí ní Ìkẹ́rẹ́, Adó tó jẹ́ olú ìlú gan-an kò ní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ò rí ọkọ̀ ojú irin rí àfi nínú fóònù. Ìgbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́ ló kúrò nílé, ó wáṣẹ́ lọ sí Òṣogbo, rélùwéè gbà á. Wọ́n gbé e lọ sí téṣàn kékeré kan tó ń jẹ́ Ìdí-Apá, lójú ọ̀nà Ọ̀fà, ibẹ̀ ló sì wà títí orí ẹ̀ fi funfun. Ibẹ̀ ló ti bí gbogbo ọmọ ẹ̀. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló tó padà wálé wá máa dáko kòkó.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá látìgbà tí mo ti gbọ́njú: báwo ni téṣàn yẹn ṣe wà báyìí? Kò béèrè mọ́tò lọ́wọ́ àwọn ọmọ, kò béèrè ilé alájà. Ẹnì kan dé láti Òṣogbo, ó ní ìjọba ti tún un ṣe, ó ń dán gbinrin. Ẹlòmíì ní wọ́n ti wó o, ilé epo ló wà níbẹ̀. Ẹni kẹta ní ọkọ̀ ṣì ń dúró níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Bàbá á gbọ́ gbogbo ẹ̀, á mi orí, á ní, "Mẹ́ta nìyẹn. Wọn ò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kò fẹ́ kéèyàn sọ ohun tí kò rí. Mo sáré wọlé lọ́jọ́ kan, mo ní tírélà ti ṣubú lọ́nà Ìsẹ̀, ogún èèyàn ló kú. Bàbá ń jẹun lọ́wọ́. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ojú ẹ ni, àbí ẹnu wọn?" Mo ní ẹnu wọn ni. Ó ní kí n lọ wò ó. Mo fi ìbínú gun ọ̀kadà padà lọ. Tírélà ṣubú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kú. Ọkùnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ló kán lẹ́sẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá títì, búrẹ́dì ẹ̀ wà nílẹ̀ káàkiri. Mo padà dé, mo ní ẹnì kan péré ni, bíi pé kó má béèrè mọ́. Bàbá gbójú sókè, ó béèrè orúkọ ọkùnrin náà, ó béèrè bóyá ẹnì kan ti gbé e lọ sí ọsibítù. Mi ò mọ ìkankan. Ó ní, "Ẹnì kan náà pọ̀ tó."

Ọ̀rọ̀ àkókò, ìyẹn ni ìjà ilé. Tí o bá sọ fún Bàbá pé ò ń bọ̀ báyìí, á ní, "Aago mélòó ni báyìí?" Màmá, ìyàwó ẹ̀, ló jìyà ẹ̀ jù. Bàbá á ti jókòó sídìí tábìlì kí aago méjì tó lù, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, á máa wo ògiri. Màmá á máa gún iyán lẹ́yìnkùlé, á máa bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ kí Bàbá lè gbọ́. Bàbá á ní ṣé oúnjẹ ti ń bọ̀. Màmá á ní, "Uṣu kì í wo aago o." Bí wọ́n ṣe wà ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun pẹ́ tó, ahọ́n àwọn méjèèjì ò kúrò ní Èmùré. Ulé ni ilé, uṣu ni iṣu. Ìgbà kan tí ìjà yẹn le, Màmá yọ aago kúrò lára ògiri, ó gbé e lé ọwọ́ Bàbá, ó ní kó máa jẹ ẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Màmá yíjú sí mi, ó ní, "Ọkùnrin ni wọ́n ní mo máa fẹ́. Wọn ò sọ fún mi pé aago wà nínú ẹ̀."

Ṣọ́ọ̀ṣì náà ò bọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé aago mẹ́sàn-án ni ìsìn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dúró de àwọn ẹni ńlá kan tí wọ́n ń wọlé nígbà tí wọ́n bá fẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, aago mẹ́sàn-án lù, Bàbá dìde láàyè ẹ̀, ó dá orin sílẹ̀. Òun nìkan. Ohùn ẹ̀ ò dáa, mi ò ní purọ́. Ó kọ ẹsẹ márààrún tán, ó jókòó, ó ṣí Bíbélì. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ojú ń ti Màmá. Pásítọ̀ wá bá a nílé lọ́jọ́ kejì, ó fara balẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ó ní Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa ṣe sùúrù fún ara wa. Bàbá gbé àga fún un, ó bu omi fún un, ó ní, "Sùúrù dáa, Pásítọ̀. Ẹ pa mẹ́sàn-án yẹn rẹ́ lára ògiri, a ó jọ máa ṣe sùúrù." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́sàn-án ni ìsìn bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ kó gbàgbé aago, béèrè Ìdí-Apá lọ́wọ́ ẹ̀.

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni pé kò sí ìlú kankan níbẹ̀ nígbà tí àwọn òyìnbó ń la irin kọjá. Igi apá ńlá kan ni, àti ahéré mẹ́ta. Ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn, iná ló ń jó nínú ẹ̀, omi ló ń mu bíi màlúù. Tó bá rìn dé ibì kan, òǹgbẹ á gbẹ ẹ́. Odò kan tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn wà nítòsí igi apá yẹn. Ni wọ́n bá gbé táǹkì onírin lé orí ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ga fíofío, wọ́n kọ́ ilé olókùúta síwájú ẹ̀, wọ́n ní kí ọkọ̀ máa dúró mu omi níbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ fi ń mu omi. Bàbá ní ogún ìṣẹ́jú yẹn ló di ìlú. Ẹnì kan gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá tà, ẹnì kan gbé àkàrà wá, ẹnì kan pa àgọ́ síbẹ̀ kó má baà máa rìn láti oko lójoojúmọ́. Àwọn Haúsá tó ń bá màlúù bọ̀ láti Òkè Ọya sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀, àwọn kan ò gun ọkọ̀ padà mọ́. Iṣu, kòkó, obì, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń gbà kọjá. Mọ́ṣáláṣí dé, ṣọ́ọ̀ṣì dé, ilé ìwé dé.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tó ń jẹ epo dísẹ́ẹ̀lì dé. Ìyẹn ò mu omi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti lọ. Bàbá ní àkàrà tí wọ́n dà sínú epo ò ní tíì yípadà tí ọkọ̀ á ti ṣí. Wọ́n tún wá da ọ̀dà sójú títì, àwọn oníkòkó bọ́ sínú lọ́rì. Ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta lójúmọ́ di ẹyọ kan, ẹyọ kan di ìgbà tó bá wù wọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan gba Èkó lọ, àwọn kan lọ sinmi. Bàbá kò lọ. Láràárọ̀ ló ń gbá pèpéle tí èrò ń dúró lé, á nu agogo, á ká àsíá tó fi ń ṣàmì fún ọkọ̀ dáadáa. Mo bi í nígbà tí mo ṣì kéré pé ta ló ń gbá a fún nígbà tí ọkọ̀ ò wá. Ó ní, "Ọkọ̀ ò wá lónìí. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé kò ní wá lọ́la."

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé tókìn fún yín, torí ẹni tí kò bá mọ tókìn kò mọ Bàbá. Irin kan ṣoṣo ló wà láàárín téṣàn sí téṣàn. Ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, ojú irin kan náà ni wọ́n ń gbà. Tí wọ́n bá pàdé láàárín igbó, ó parí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe irin kékeré roboto kan, wọ́n ń fi í sínú àpò awọ, tókìn ni wọ́n ń pè é. Dírẹ́bà tí tókìn ò bá sí lọ́wọ́ ẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní téṣàn. Bàbá náà kò sì lè yọ tókìn fún un àfi tí ẹni tó wà ní téṣàn iwájú bá tẹ agogo dáhùn pé ọ̀nà mọ́. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ó tún le bẹ́ẹ̀.

Ó gbé e wá sínú oko kòkó. Odò kan wà lọ́nà oko wa, igi gbọọrọ kan ni a fi ṣe afárá lórí ẹ̀, ẹnì kan ló lè gbà á lẹ́ẹ̀kan. Bàbá gé ọ̀pá kan, ó ha á, ó kùn ún ní pupa. Ẹni tí ọ̀pá bá wà lọ́dọ̀ ẹ̀ ló lè gun afárá. Tí ọ̀pá bá wà ní òdìkejì, dúró títí ẹnì kan á fi gbé e bọ̀. Gbogbo aládùúgbò oko ló fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, mi ò rí ọ̀pá. Mo wo òdìkejì, igbó bo ọ̀nà, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mo ní èmi, Dàpọ̀, kí n wá dúró nítorí igi. Mo gun afárá. Àárín gbùngbùn ni mo ti pàdé Màmá, agbọ̀n kòkó lórí, ọ̀pá pupa lọ́wọ́. Kò lè padà sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù. Èmi ni mo fò sínú omi, ìdajì kòkó náà sì tẹ̀ lé mi. Nígbà tí mo jáde, Bàbá ti dúró létí odò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo ní mo wò ó dáadáa kí n tó gùn ún, kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "O ò rí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn yàtọ̀ sí pé kò sí ẹnikẹ́ni."

Mo wá dé orí èyí tí Dádì Ìkẹ́rẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Bàbá dá ọkọ̀ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú ọwọ́.

Ọ̀sán ni. Ọkọ̀ èrò kún dẹ́nu, ó dúró ní Ìdí-Apá, dírẹ́bà ń retí tókìn. Bàbá tẹ agogo sí téṣàn iwájú. Wọn ò dáhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó gbé tẹlifóònù, ó yí i, kò sí ohùn. Dírẹ́bà ní kó kọ ìwé àṣẹ fún òun dípò tókìn, kí òun máa rọra lọ, òun mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ kankan níwájú. Bàbá ní, "Ta ló sọ fún ẹ?" Dírẹ́bà ní òun kàn mọ̀ ni. Bàbá ní òun ò lè kọ ọ́.

Ó rán ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé kó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí téṣàn iwájú lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ò yá lójú ọ̀nà igbó. Wákàtí kan kọjá, èkejì kọjá. Èrò bọ́ sílẹ̀, oòrùn ń pa wọ́n. Wọ́n bú Bàbá, wọ́n bú ìran ẹ̀, wọ́n ní ará oko Èkìtì ni, àgbàdo ló yẹ kó máa ṣọ́. Ọ̀gá rélùwéè kan wà nínú ọkọ̀ yẹn, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fìlà ẹ̀, ó ní kó tú ọkọ̀ sílẹ̀ kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ tán lónìí. Màmá, tó jẹ́ ìyàwó tuntun nígbà yẹn, kúnlẹ̀ lórí pèpéle, ó ń bẹ Bàbá. Màmá fúnra ẹ̀ ló sọ èyí fún mi. Ó ní Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé e. Kò dìde.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ padà dé. Kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá téṣàn iwájú ń ṣàìsàn, ẹni tó fi sílẹ̀ ti sùn lọ fọnfọn lórí àga, wáyà tẹlifóònù sì já. Ojú irin mọ́ látàárọ̀. Ká ní Bàbá tú wọn sílẹ̀ láago kan, wọn ì bá ti délé layọ̀.

Èrò rẹ́rìn-ín, àwọn kan tutọ́. Wọ́n kọ kúẹ́rì sí Bàbá, wọ́n dá ìgbéga ẹ̀ dúró fún ọdún mélòó kan, àwọn ọmọdé Ìdí-Apá sọ ọ́ ní Dádúró. Mo máa ń fẹ́ kí ìtàn yìí parí lọ́nà míì. Nígbà tí mo bá ń sọ ọ́ fún èrò lórí ọ̀kadà, mo máa ń fi ọkọ̀ ẹrù kan sí i, kó máa bọ̀ tagbáratagbára, kí gbogbo ayé sì wá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Bàbá gbọ́ pé mò ń sọ bẹ́ẹ̀, ó bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní Bàbá, ṣùgbọ́n bó ṣe rí yìí, àwọn ló jàre. Kò sí nǹkan kan lójú irin. Ó ní, "Lónìí, gbogbo wa la mọ̀. Láago kan ọ̀sán yẹn, ta ló mọ̀?"

Ìgbà tí ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, dókítà ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́, yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Bàbá pè mí. Kì í ṣe Dádì Ìkẹ́rẹ́ tó máa ń ní ó di ìgbà tí ilé ìwé bá gba ọlidé, kì í ṣe Dàmọ́lá. Èmi ló pè. Ó ní kí n mú òun lọ sí Ìdí-Apá nígbà tí òun ṣì lè rí i. Mo ní kò le rárá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní ọjọ́ wo. Mo ní Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ yẹn, wọ́n pè mí fún iṣẹ́ kan ní Ògòtún, mo lọ. Ọjọ́bọ̀ kejì, ọ̀kadà mi bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá sí Èkó wá kọ́ iṣẹ́ táìlì, mo sì bá a lọ, mo rò pé oṣù méjì péré ni. Mo lò ju ọdún kan lọ. Mo mọ táìlì tẹ́ báyìí, kò sí ẹni tó tẹ́ ẹ jù mí lọ ní Èmùré, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo padà dé, Bàbá jókòó síwájú ilé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ káàsán, Bàbá. Ó na ọwọ́, ó ń wá orí mi nínú afẹ́fẹ́. Mo gbé orí mi sábẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ó fọwọ́ pa ojú mi, imú mi, irùngbọ̀n tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ọjọ́bọ̀ wo nìyí?"

A lọ lọ́jọ́ kẹta. Màmá ní kí ló fẹ́ lọ wò pẹ̀lú ojú tó ti lọ. Dádì Ìkẹ́rẹ́ fi fóònù pè mí, ó ní mo fẹ́ pa bàbá òun sójú ọ̀nà. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ti wọ bàtà láago márùn-ún ìdájí. A wọ mọ́tò ní Ìkẹ́rẹ́, a gba Iléṣà dé Òṣogbo, a tún wọ òmíì lọ sí Ìdí-Apá. Mo mú un lọ́wọ́ sọdá títì, a gba inú koríko, mo mú un gun pèpéle. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó dúró.

Ó ní, "Ó yá. Sọ fún mi."

Mo wò ó. Ojú mi ló wò ó, kì í ṣe ẹnu ẹnikẹ́ni. Mo sì ronú gbogbo ọdún tó ti ń béèrè, mo ronú Ọjọ́bọ̀. Mo ní, "Bàbá, ó dáa o. Wọ́n ti kùn ún. Ọ̀dà funfun, pàánù tuntun."

Ó ní, "Dàpọ̀, mi ò wá síbí kí inú mi lè dùn. Mo wá kí n lè mọ̀." Ohùn ẹ̀ rọlẹ̀ pẹ̀lẹ́ ni. Ó ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì. Mo ní táǹkì omi wà, ó ti dípẹtà, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti tẹ̀. Mo ní igi apá ò sí, kùkùté ni. Mo ní ojú irin wà dé iwájú ilé, ṣùgbọ́n níbi tó ti yà, wọ́n ti hú u lọ, koríko ló wà níbẹ̀. Mo ní òpó tó ń gbé ọwọ́ sókè fún ọkọ̀ ti ṣubú. Ó ní òrùlé ńkọ́. Mo ní ó ti wó ní apá kan. Ó ní pàánù mélòó ló kù. Mo ní ó pọ̀ díẹ̀. Ó ní, "Lọ kà á." Mo lọ kà á. Mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀kan sì ti lu. Mo ní orúkọ téṣàn wà lára ògiri síbẹ̀, ṣùgbọ́n "Apá" nìkan ló kù, Ìdí ti parẹ́. Mo ní ewúrẹ́ méjì wà nínú yàrá tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní ẹnì kan sá láfún sórí pèpéle, òun ni òórùn tí ẹ̀ ń gbọ́ yẹn.

Obìnrin kan jáde láti inú ọ́fíìsì Bàbá, ó gbé ọmọ pọ̀n. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun Bàbá, ojú ẹ̀ yí padà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé ìjọba ló rán yín? Òjò ló lé wa débí. A ò ba nǹkan kan jẹ́."

Bàbá ní kò sí ẹni tó rán òun, òun ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí ni. Ó béèrè yàrá tó ń sùn. Obìnrin náà ní èyí tó kángun sí ẹ̀yìn. Bàbá ní, "Ibẹ̀ máa ń gbóná lọ́sàn-án. Ẹ máa ṣí fèrèsé tó kọjú sódò." Obìnrin náà ní fèrèsé yẹn ti há, ọkọ òun ti fi òòlù lù ú, kò ṣí. Bàbá ní, "Kò fẹ́ òòlù. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí ẹ tó fà á." Obìnrin náà wọlé. A gbọ́ tí irin dún, a gbọ́ tí obìnrin yẹn ń rẹ́rìn-ín nínú ilé. Bàbá yí ojú sí ibi tí ẹ̀rín ti wá. Ó wá fọwọ́ kàn mí, ó ní, "Ẹnì kan ń gbé ibẹ̀. Kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́ta tó mú ìròyìn wá yẹn tó sọ bẹ́ẹ̀."

Nínú mọ́tò tó ń gbé wa padà láti Òṣogbo, ìyá kan jókòó tì wá. Ó béèrè ibi tí a ti ń bọ̀. Bàbá ní Ìdí-Apá. Ìyá náà ní àá, téṣàn ibẹ̀ yẹn, àbúrò òun ní wọ́n ti tún un ṣe, ó rẹwà gan-an. Bàbá ní rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì. Táǹkì, kùkùté, ojú irin tí wọ́n hú, òpó tó ṣubú, pàánù mẹ́rìndínlógún tí ọ̀kan lu, ewúrẹ́ méjì, láfún, obìnrin tó ń gbé ibẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún un ló ṣe sọ ọ́. Kò fi ọ̀kan kún un, kò yọ ọ̀kan kúrò. Mo jókòó, mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi lẹ́nu ẹ̀, mi ò gbọ́ ọ kó rí bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá náà wo ojú Bàbá dáadáa. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá. Ṣebí ẹ ò ríran. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Bàbá fi ọwọ́ wá orúnkún mi títí ó fi rí i, ó gbé ọwọ́ lé e.

Ó ní, "Ọmọ yìí ló sọ fún mi."